Kíbọ́ọ̀dù Tó Ń Dá Ìyá Mi Lóhùn

Nígbà tí ojú ìyá mi di èyí tí kò rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òjìji lọ mọ́, a mú wọn kúrò nílé ní Ìjùmú wá sọ́dọ̀ wa ní Lọ́kọ́jà. Yàrá tó kọjú sí títì la fún wọn nínú ilé tí a háyà ní Kabawa. Èmi ni mo ní kí wọ́n gba yàrá yẹn. Mo ní ariwo ọ̀kadà àti ti àwọn tó ń kiri ọjà kò ní jẹ́ kó dà bíi pé wọ́n dá nìkan wà. Ìyàwó mi ní ariwo yẹn gan-an ló máa lé wọn padà sílé. Kò sí èyí tó ṣẹ nínú ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì. Ohun tí ariwo náà ṣe fún ìyá mi ni pé ó fún wọn níṣẹ́.

Atẹ̀wé ni ìyá mi. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ìlọrin ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, nígbà tí wọ́n sì dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n kó wá sí Lọ́kọ́jà pẹ̀lú fáìlì àti àga ọ́fíìsì. Ọ̀gá ń lọ, ọ̀gá ń bọ̀, àwọn ló ń tẹ̀wé fún gbogbo wọn. Wọn kì í wo ọwọ́ tí wọ́n bá ń tẹ̀wé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n bá mú mi lọ sí ọ́fíìsì nígbà ìsinmi, wọ́n á máa bá ọ̀rẹ́ wọn sọ̀rọ̀ nípa ọbẹ̀, wọ́n á sì máa tẹ ìwé tí ọ̀gá fẹ́ fi dá ẹnì kan dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọwọ́ wọn kì í dúró, ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ náà kì í sì dúró.

Táípúráítà tiwọn, èyí tí wọ́n rà nígbà tí ìjọba ń ta àwọn tó ti gbó, wà nínú ilé tí a ń gbé tẹ́lẹ̀ ní ọdún kan tí odò kún wọlé. Omi náà lọ, ó fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀. A sá a sóòrùn, a da epo sí i, ṣùgbọ́n irin inú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra bí eyín ẹni tó dákú. Bí a ṣe pàdánù rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa tí ara wọn ti balẹ̀, wọ́n ní kí n wá nǹkan tí àwọn lè fi máa tẹ̀wé. Inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé ó yẹ kí wọ́n kọ ìtàn ìdílé wa sílẹ̀, bí bàbá wọn ṣe fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì, àti gbogbo ohun tí a máa ń sọ níbi ìsìnkú tí a kì í rántí lẹ́yìn rẹ̀. Mo tètè kéde lórí wasáàpù fún àwọn àbúrò mi pé Màmá fẹ́ kọ ìwé ìtàn ìdílé. Àbúrò mi obìnrin fi àmì àdúrà dáhùn. Èyí ọkùnrin béèrè bóyá orúkọ òun máa wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ Màmá.

Mo gbé láátọ́ọ̀pù mi síwájú wọn, mo so kíbọ́ọ̀dù kan mọ́ ọn, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀ lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣájà fóònù. Wọ́n fi ọwọ́ pa á lára, wọ́n gbé ìka wọn síbi tó yẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n tẹ́tí.

Wọ́n béèrè pé, "Ṣé ó ń kọ ọ́?"

Mo ní ó ń kọ ọ́. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún dúró. Wọ́n ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi ìka tẹ ẹ̀kọ tútù, pé ọwọ́ ń wọlẹ̀ ṣùgbọ́n kò dé ibì kankan. Nítorí pé wọn kò mọ̀ bóyá lẹ́tà wọlé tàbí kò wọlé, wọ́n á tún un tẹ̀. Nígbà tí mo wo ojú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ní lẹ́tà kan ti ní ọ̀wọ́ rẹ̀, èyí tó sì yẹ kó ní méjì kò ní rárá. Mo kà á fún wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀.

"Ẹ̀rọ tí kì í dáni lóhùn," ni wọ́n wí, "báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó gbọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ní ọ́fíìsì wa, èmi ni wọ́n ń pè tí kọ̀ǹpútà bá kọṣẹ́. Ohun tí mo sábà máa ń ṣe kò ju pé kí n pa á, kí n tún un tàn, ṣùgbọ́n ojú líle tí mo fi ń ṣe é ti jẹ́ kí orúkọ mi dúró. Mo lọ wo orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé irú kíbọ́ọ̀dù kan wà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní súwíìṣì tirẹ̀, súwíìṣì kékeré tó ní sípíríǹgì nínú, tó máa ń dún "kẹ́" tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ dé ibi tó yẹ. Ọkùnrin kan wà nínú fídíò tó ń fi irú súwíìṣì bẹ́ẹ̀ sínú kíbọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ṣe é lọ. Gbogbo rẹ̀ kò pẹ́ ju ìgbà tí a fi ń se ìrẹsì.

Ìyàwó mi, tó jẹ́ tíṣà ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà, wo fídíò náà pẹ̀lú mi. Ó béèrè bóyá wọ́n ń ta irú kíbọ́ọ̀dù yẹn ní èyí tí wọ́n ti ṣe tán. Mo ní wọ́n ń tà á. Ó ní ṣé a ò wá kúkú rà á. Mo ṣàlàyé fún un pé ìnákúnàá nìyẹn, nígbà tí a ti ní kíbọ́ọ̀dù nílé. Ó wò mí. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ kí n lè máa sọ pé èmi ni mo ṣe é. Mi ò sọ ìyẹn fún un, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń kọ́ni ní ìṣirò kì í pẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi pamọ́ sínú x.

Mo ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta súwíìṣì náà ní Èkó, ó fi wọ́n sínú bọ́ọ̀sì, mo sì lọ gbà wọ́n ní gáréèjì. Inú ọ̀rá kékeré ni wọ́n wà, wọ́n pọ̀ jọ bí hóró àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn. Bí mo ṣe ń bọ̀ wálé nínú kẹ̀kẹ́, mi ò lè mú un mọ́ra, mo tẹ ọ̀kan wò. Ó dún. Mo tún un tẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ rọra dúró lẹ́bàá títì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹrí ba wo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo ti súwíìṣì náà bọ àpò.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo tú kíbọ́ọ̀dù náà palẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun. Mo rò pé ohun tó díjú ni màá bá nínú rẹ̀. Rọ́bà kan tó wú ní kókó-kókó bí awọ ọ̀pọ̀lọ́ ni mo bá, pẹ̀lú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fa ìlà dúdú sí lára, àti pátákó tíntín kan ní igun ibi tí wáyà ti jáde. Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo ti fi ń kọ ìwé ìjọba láti ọjọ́ yìí wá, rọ́bà àti afẹ́fẹ́ ni.

Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ ohun tí ọkùnrin inú fídíò fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀. Súwíìṣì kò ṣeé gbé lé orí ọ̀rá lásán. Ó nílò ike líle tó ní ihò onígun mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó lè dúró ṣinṣin. Lẹ́yìn ìyẹn, èèyàn á wá fi wáyà so ẹsẹ̀ súwíìṣì kọ̀ọ̀kan mọ́ pátákó tíntín inú igun yẹn, gẹ́gẹ́ bí ìlà ara ọ̀rá ṣe so wọ́n tẹ́lẹ̀. Mo da àwọn ìlà náà kọ sórí ìwé, mo fi yíǹkì pupa àti búlúù yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí mo parí, ó dà bí ọ̀nà inú Kabawa: gbogbo wọn ló já síra wọn, kò sì sí èyí tó lọ tààrà.

Àwọn tó ń ṣe pátákó ìpolówó ní Kpata ló bá mi gé ike náà. Èyí àkọ́kọ́ kò dára. Súwíìṣì á wọ inú ihò, á sì já bọ́ sísàlẹ̀. Mo lọ bá wọn fa ọ̀rọ̀. Wọ́n mú ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwọ̀n sí jáde, wọ́n gbé rúlà lé e, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀ òjò. Ike kejì ló ṣe déédéé.

Ó wá ku lẹ́ẹ̀dì jíjó, èyí tí wọ́n fi ń lẹ wáyà mọ́ra. Mo yá irin tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tún rédíò ṣe ní Natako. Bí mo bá ti fi í sí iná, bẹ́ẹ̀ ni iná á lọ. Nígbà tó sú mi, mo ki orí irin náà bọ inú ẹ̀yinná lórí ìkòkò èédú tí ìyàwó mi fi ń yan ẹja. Òórùn rẹ̀ dé yàrá ìyá mi.

Wọ́n ké sí mi láti ibẹ̀ pé, "Kí lò ń sè?"

Mo ní kíbọ́ọ̀dù ni.

Wọ́n ní, "Má fi iyọ̀ púpọ̀ sí i."

Mo jó aṣọ tábìlì lójú kan, mo sì gbé abọ́ ṣúgà lé ojú ibẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó mi gbé abọ́ náà kúrò, ó wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó dá a padà síbi tó wà. A ti pẹ́ nínú ìgbéyàwó.

Lórí pátákó tíntín yẹn, ọ̀dà dúdú kan ni wọ́n fi bo ibi tí wáyà yẹ kó lẹ̀ mọ́, lẹ́ẹ̀dì kò sì gbà láti dúró lórí ọ̀dà. Mo fi abẹ họ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí bàbà fi yọ. Mo wá jó wáyà mọ́ ọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń mí bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ ọwọ́. Nígbà tí mo parí tí mo fẹ́ gbé orí lẹ́tà padà síbi tí wọ́n wà, mo rí i pé orí lẹ́tà ti kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ kò wọ orí súwíìṣì tuntun. Ẹsẹ̀ wọn kò bára mu rárá. Mo tún ránṣẹ́ sí Èkó.

Ìyàwó mi béèrè pé, "Kí ló wá kù nínú kíbọ́ọ̀dù tí a ní nílé?"

Mo ronú sí i. Mo ní wáyà rẹ̀ ni, àti pátákó tíntín inú rẹ̀, àti etí ike tó yí i ká.

Ó ní ó dáa, a ti ṣọ́wó ná gan-an.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo tẹ A, ó kọ L. Mo tẹ L, ó pa kọ̀ǹpútà. Mo tún un tú, mo wá àwọn wáyà tó ṣìnà, mo dè wọ́n síbi tó yẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, gbogbo lẹ́tà gbà láti jẹ́ orúkọ ara wọn. Mo gbé e tọ ìyá mi lọ.

Wọ́n tẹ ọ̀kan. Ó dún. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí wọ́n fi orúkọ ìgbà èwe rẹ̀ pè láàárín ọjà. Wọ́n tẹ òmíràn. Wọ́n wá fa àga sún mọ́ tábìlì, wọ́n na ẹ̀yìn, wọ́n gbé apá méjèèjì sí ipò. Ìró náà kọ́kọ́ ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ń yára, títí ó fi di ọ̀wààrà. Ìyàwó mi jáde láti ilé ìdáná, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní láti lọ síta lọ wo bóyá òjò tún fẹ́ rọ̀.

Nígbà tí mo padà wọlé, wọ́n ti tẹ ojú ewé kan kún. Wọ́n ní kí n kà á fún àwọn. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà, kò sí ohun kan ṣoṣo níbẹ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀. Ìka wọn ti sún sí apá ọ̀tún díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo lẹ́tà sì ti yà sílé aládùúgbò rẹ̀. Mo wá ọ̀nà láti sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Wọ́n ní àwọn kò ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí láti Ìlọrin wá, kí n lọ wo ohun tí mo sè dáadáa. Mo wá ka ìlà kan jáde bó ṣe wà. Wọ́n tẹ́tí sí i dé òpin. Wọ́n ní ó jọ bí ọ̀gá àwọn kan ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, èyí tí wọn kò tíì ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìyàwó mi ló wá ojútùú sí i. Ó mú ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ láti ara ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ kan tó ti já, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ F àti J, ibi tí ìka ìfábẹ̀lá ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìka wọn kò ṣìnà mọ́. Títí di òní, tí àlejò bá béèrè ẹni tó ṣe kíbọ́ọ̀dù náà, ìyá mi á ní ìyàwó mi ni.

Mo wá ń retí ìtàn ìdílé. Ní òwúrọ̀, mo máa ń ṣí ojú ewé tuntun sílẹ̀ fún wọn kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó mi á ka ohun tí wọ́n bá tẹ̀ padà fún wọn. Èdè Okun ti ilé wa ni wọ́n fi ń kí wa, Yorùbá ni wọ́n fi ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ìjọba ni wọ́n ń tẹ̀, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tó sì máa ń parí pẹ̀lú pé ìránṣẹ́ yín onígbọràn ni mí. Nínú ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n tẹ̀ jáde fún àwọn, mi ò rí bàbá wọn. Àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n kọ ọ́ sí, nípa ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n gbé kọjú sí ilé wa. Ìwé tó tẹ̀lé e lọ sọ́dọ̀ àwọn oníkẹ̀kẹ́, nítorí fèrè. Òmíràn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lọ ata, nítorí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Gbogbo ariwo tó ń gba ojú fèrèsé wọn kọjá ni wọ́n ń fẹ̀sùn kàn. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ kò fèsì. Àwọn alàgbà fèsì ní tiwọn: ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, wọ́n gbàdúrà fún ìyá mi pé kí Ọlọ́run fún wọn ní ìfọ̀kànbalẹ̀, inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn yẹn náà ni wọ́n sì ti gbà á.

Ohun tí kò sí ẹni tó lè sọ fún ìyá mi ni pé kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń kọ ẹ̀sùn ariwo ti ń pariwo ju púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn lọ. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá wọn àti yàrá onílé wa, Àlàájà àgbàlagbà kan tí bàbá bàbá rẹ̀ ti Ìlọrin wá ta aṣọ ní Lọ́kọ́jà tí kò sì padà mọ́. Àlàájà fara dà á fún ìgbà pípẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n kan ilẹ̀kùn wa. Wọ́n béèrè ara, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n béèrè àwọn tó wà nílé. Wọ́n wá ní àwọn kàn fẹ́ mọ̀ bóyá a ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan gúgúrú tà ni, pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a jẹ́ kí àwọn tètè ra tàwọn.

Mo mú wọn lọ sí yàrá ìyá mi, mo sì ti múra sílẹ̀ fún ìjà. Ìyá mi tọrọ àforíjì. Wọ́n ní kì í ṣe ẹjọ́ àwọn, ọmọ àwọn ló ṣe ẹ̀rọ náà bẹ́ẹ̀. Àlàájà jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, wọ́n béèrè ohun tí ẹ̀rọ náà ń kọ. Ìyá mi sọ fún wọn. Àlàájà wo ìta láti ojú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀.

"Ìyá," ni wọ́n wí, "ṣé ó lè bá mi kọ ti gọ́tà yìí?"

Gọ́tà iwájú ilé ti dí, tí òjò bá sì ti rọ̀, omi dúdú á kún wá sẹ́nu ọ̀nà gbogbo wa. Àlàájà ń sọ tẹnu wọn ní Yorùbá Ìlọrin, wọ́n ń fi Haúsá lé e níbi tó bá ti dùn wọ́n jù. Ìyá mi sì ń sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì ìjọba bó ṣe ń jáde. Níbi tí Àlàájà bá ti ní ọ̀lẹ ni gbogbo àwọn tó ń rí sí ìmọ́tótó, ìyá mi á tẹ̀ ẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lọ́kàn ọ́fíìsì yín. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, Àlàájà buwọ́ lù ú, mo sì mú un lọ. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba mọ ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń sùn sí. Mi ò retí nǹkan kan.

Kò pẹ́ rárá tí wolé-wolé fi dé, ó di ìwé náà mú lọ́wọ́. Ó ní ó ti ṣe díẹ̀ tí ọ́fíìsì àwọn ti rí ìwé tí wọ́n tẹ̀ báyìí, tí etí rẹ̀ gún, tí ìsọ̀rí rẹ̀ ní nọ́ńbà. Ọ̀gá òun rò pé láti òkè ló ti wá, ó sì ní kí òun sáré. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ń fi igi tú gọ́tà náà wò láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Àlàájà ń bá a lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń nawọ́ sí ibi tó burú jù. Ibi tó burú jù yẹn ni wọ́n jọ dúró sí. Páìpù kan yọ jáde lábẹ́ ògiri ilé ìdáná Àlàájà, ó ń da omi abọ́ àti eérú sínú gọ́tà, gbogbo rẹ̀ sì ti gbá jọ síbẹ̀ di òkìtì.

Wolé-wolé wo páìpù, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ka orúkọ tó wà nísàlẹ̀.

"Àlàájà," ló wí, "ṣé ara yín lẹ wá fi sùn ni?"

Ó kọ ìkìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n gbé páìpù náà kúrò níbẹ̀, ó dá ọjọ́ fún wọn, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé àwọn ará ìlú tó ń ran ìjọba lọ́wọ́ báyìí kò pọ̀.

Fún ìgbà díẹ̀, Àlàájà ń gba ẹ̀yìn ilé wọlé. Tí mo bá kí wọn, wọ́n á kàn kùn nímú. Ìyàwó mi ní kí n ti máa wo ilé mìíràn. Ọkàn ìyá mi balẹ̀ ní tiwọn. Wọ́n ní àwọn mọ ìwé ìjọba, pé ìwé ló ń bí ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Nígbà tí ọjọ́ tí wolé-wolé dá ń sún mọ́lé tí Àlàájà kò sì tíì rí ẹni tó máa bá wọn gbé páìpù, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Lọ́tẹ̀ yìí wọn kò béèrè ara, wọn kò béèrè iṣẹ́. Wọ́n lọ tààrà sí yàrá ìyá mi, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn bẹ ìjọba. Ìyá mi bá wọn bẹ̀bẹ̀ nínú ìwé tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìjọba fún wọn láyè. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́. Tí kíbọ́ọ̀dù kò bá dún ní òwúrọ̀, Àlàájà á fi ọwọ́ lu ògiri láti béèrè bóyá ara ìyá mi le.

Lẹ́yìn ti Àlàájà, ó kàn mí. Ìyàwó mi ló tẹ ìwé náà jáde ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ mi, kò wo ojú mi. Ọ̀gbẹ́ni ni wọ́n pè mí nínú rẹ̀. Ìsọ̀rí kìn-ín-ní sọ pé ẹni tó kọ ìwé yìí ti ṣàkíyèsí pé mo máa ń wá dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó bá ń tẹ̀wé, àti pé ó dà bíi pé mo rò pé ẹni tí kò ríran kì í gbọ́ èémí. Ìsọ̀rí kejì sọ pé ó gbọ́ láti ẹnu ọmọ rẹ̀ obìnrin lórí fóònù pé mo ti kéde fún gbogbo ẹbí pé ó ń kọ ìtàn ìdílé, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó yẹ. Mo tún ìsọ̀rí kẹta kà. Tí mo bá yí i sí Yorùbá, ohun tó sọ nìyí:

"Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlòmíràn ni mo tẹ̀. Kò sí ẹni tó bi mí rí bóyá mo fara mọ́ ọn. Ní báyìí mo ti ní ọ̀rọ̀ tèmi, ẹ̀sùn sì ni. Jọ̀wọ́, jẹ́ kí n rò ó tán."

Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀dà rẹ̀ kan ti lọ sọ́wọ́ ìyàwó mi.

Oúnjẹ mi tutù síwájú mi. Mo dìde, mo lọ sí yàrá wọn láti lọ sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Wọ́n dùbúlẹ̀, ojú wọn kọ sí ògiri. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

Wọ́n ní, "Ní kíkọ."

Mo jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe. Mo tẹ lẹ́tà kan, mo wá èyí tó kàn, mo tẹ̀ ẹ́. Nínú yàrá yẹn, tí kò sí ìró mìíràn, mo gbọ́ ara mi dáadáa. Ó dà bí ìgbà tí adìyẹ kan ṣoṣo ń ṣa ọkà lórí páànù. Wọ́n gbọ́ ọ títí, kò ṣeé pa mọ́ra fún wọn mọ́.

"Ìka méjì lò ń lò," ni wọ́n wí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Wọ́n béèrè bóyá bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é ní ọ́fíìsì báyìí nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mí kanlẹ̀ fún ìjọba. Wọ́n dìde, wọ́n fi ọwọ́ tọ́ ògiri wá síbi tí mo wà, wọ́n dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n na apá kọjá èjìká mi, wọ́n wá ọwọ́ mi rí, wọ́n sì ń to ìka mi sórí lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe máa ń wọ bàtà fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọwọ́ wọn gbóná, ó le bí ọwọ́ ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ lu irin. Wọ́n ní kí n tẹ̀. Mo ṣì í. Wọ́n ní kí n tún un tẹ̀.

Èémí wọn ń fẹ́ sí mi lọ́rùn. Mi ò fi wọ́n sùn.